Ìlà kan ṣoṣo tó wà lókè CV yín: ṣé kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ ni, àbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ dànù?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n tó lóde, kó jí ní ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, kó lọ dúró sí ibùdókọ̀ Mówè. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, aṣọ wọn á mọ́ tónítóní, bàtà wọn á máa dán, wọ́n á wá di ẹnfílóòpù búráùn kan mú bí ìgbà téèyàn di owó orí ìyàwó mú. CV ló wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ń lọ sí Ìkẹjà, àwọn kan ń lọ sí Ṣágámù, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ lọ jìnnà, ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yẹn náà ni wọ́n ń gbà, láti Mágbòrò níbi tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch wà títí dé Ìbàfò, wọ́n á máa kan géètì iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún ọlọ́dẹ ní ìwé wọn, wọ́n á sì máa gbàdúrà lọ́kàn pé kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀pà ni wọ́n máa fi pọ́n.

Bó ṣe rí ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọbáfẹ́mi-Owódé náà ló rí ní Ifọ̀, níbi tí tiwọn ti ń forí lé Ọ̀tà, Àgbádó àti Abẹ́òkúta. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń gbàdúrà sí. Ẹni tó bá wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nítorí àtifi CV sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì pè é, onítọ̀hún mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí, bó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlà kan tó máa ń wà lókè CV ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 'career objective'. Àwọn oníkọ̀ǹpútà wa ti gé e kúrú, 'ọbujẹ́tíìfù' ni wọ́n ń pè é ní tiwọn. Lẹ́yìn orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ló máa ń wà, gbólóhùn kan tàbí méjì péré, níbi tí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti máa sọ ohun tó ní lọ́kàn nípa irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ṣé kéèyàn kọ ọ́ ni àbí kó má kọ ọ́? Ìbéèrè yìí ló dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ níṣojú akọ̀ròyìn wa nínú ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Ìbàfò, tó fi di pé àwọn tó wá ṣe fọ́tókọ́pì gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe.

Ọmọbìnrin kan ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ti ka ìṣírò owó jáde ní poli, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí kò ríṣẹ́ tó kà, iléèwé aládàáni kan ládùúgbò ẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹnì kan ló wá sọ fún un pé iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpápánu ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú stọ́ọ̀ wọn. N ló bá sáré wá kí wọ́n bá òun tún CV òun tẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wojú ẹ̀, ó ní: "Àǹtí, ṣé kí n fi ọbujẹ́tíìfù sí i?"

Ọmọbìnrin náà ní: "Kí ló máa ń wà níbẹ̀?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mo ní èyí tó dáa nílẹ̀. Òun ni mo máa ń bá gbogbo èèyàn fi sí i."

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti tẹ bọ́tìnnì méjì, gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ kan sì já bọ́ sójú kọ̀ǹpútà. 'Dynamic' wà níbẹ̀, 'challenging' wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè mú kí etí dùn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bá a bá tú u sí Yorùbá, ohun tó ń sọ ò ju báyìí lọ: "Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá tó ń tẹ̀ síwájú, níbi tí màá ti lo ìmọ̀ mi, tí èmi náà á sì máa ga sí i." Ọmọbìnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní gẹ̀ẹ́sì náà wọ òun lára.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń dúró de àwọn ìwé pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì. Bàbá yìí ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, má bínú o," bàbá ní. "Ó lé lógún ọdún tí mo fi jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbólóhùn tó o kà yẹn, mo mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ àdúrà. CV rẹpẹtẹ ló dé orí tábìlì mi tó jẹ́ pé òun ló wà lókè wọn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àṣìṣe sípẹ́lì tó wà nínú ẹ̀ gan-an dọ́gba. Tí mo bá ti rí i, mo ti mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́."

Oníkọ̀ǹpútà fajú ro. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o. Àwọn èèyàn ń fi gba iṣẹ́."

"Ta ló fi gba iṣẹ́? Dárúkọ ẹnì kan."

"Wọn kì í padà wá sọ fún mi, sà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. Ó ní: "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ lọ wá?"

"Iṣẹ́ stọ́ọ̀ ni, sà."

"Ibo ni wọ́n ti dárúkọ stọ́ọ̀ nínú ohun tó o kà yìí? Bí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí bá mú ìwé yìí, ṣé á mọ̀ pé stọ́ọ̀ lo fẹ́ tọ́jú, àbí pé o fẹ́ kọ́ ọmọ, àbí pé báǹkì lò ń lọ?"

Ọmọbìnrin náà tún un kà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Kò ní mọ̀, sà."

Obìnrin kan tó wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó dá sí i. Ó ní àbúrò òun tó wà ní Amẹ́ríkà ti sọ fún òun pé wọn kì í kọ ìlà náà mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, pé ṣe ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọkùnrin kan tó wá ra káàdì fóònù ní kí gbogbo wọn máa da ara wọn láàmú, ó ní kì í ṣe ìwé ló ń fúnni níṣẹ́ nílẹ̀ wa, èèyàn ni. Bí wọ́n ṣe pín sí mẹ́ta nìyẹn: ẹni tó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, ẹni tó ní kí wọ́n yọ ọ́, àti ẹni tó ní kò kan ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Bẹ́ẹ̀, ká má déènà pẹnu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́.

IBI TÍ ÌLÀ NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Àwọn tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí pé láyé ìgbà kan, lẹ́tà ni wọ́n fi ń wáṣẹ́. Èèyàn á ra ìwé ìròyìn The Guardian lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, nítorí ọjọ́ méjèèjì yìí ni ìkéde iṣẹ́ máa ń kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Á wá fi bírò kọ lẹ́tà, tàbí kó lọ bá àwọn tó gbé tapúràítà síwájú òde kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù lábẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà náà kì í yẹ̀: "Mo fẹ́ wáṣẹ́ báyìí báyìí tẹ́ ẹ kéde nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ báyìí." Ẹ ò rí i pé ọbujẹ́tíìfù náà nìyẹn? A kàn ò pè é lórúkọ yẹn ni. Ó dárúkọ iṣẹ́, ó sì dárúkọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ nípa ẹ̀.

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé ni nǹkan yí padà. Èèyàn ò nílò láti tún ìwé kọ lójoojúmọ́ mọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á sì máa tẹ ogún ẹ̀dà jáde. Ìwé kan náà ló ń lọ sí báǹkì, òun náà ló ń lọ sí iléèwé, òun náà ló ń lọ sí iléeṣẹ́ onísìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Nígbà tí ìwé kan bá sì fẹ́ bá gbogbo iṣẹ́ mu, àfi kí ọ̀rọ̀ tó wà lókè ẹ̀ má dárúkọ iṣẹ́ kankan. Bí gẹ̀ẹ́sì aláfẹ́fẹ́ yẹn ṣe gbalẹ̀ nìyẹn o.

Ọ̀rọ̀ kéèyàn fìwé wáṣẹ́ ò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Leonardo da Vinci, ará Ítálì tó ya àwòrán obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mona Lisa, wáṣẹ́ nígbà ayé ẹ̀ bíi tiwa náà. Ní nǹkan bí ọdún 1482, wọ́n kọ lẹ́tà kan lórúkọ ẹ̀ sí Ludovico Sforza, ẹni tó ń ṣe olórí ìlú Milan. Ẹ bá wa wo ọgbọ́n tó wà nínú lẹ́tà náà. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ogun ló ń jẹ olórí náà lọ́kàn, kì í ṣe àwòrán. N ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: òun lè ṣe afárá fúyẹ́ tí ọmọ ogun lè gbé kiri, òun lè rọ ìbọn àgbá, òun lè ṣe kẹ̀kẹ́ ogun tó ní ìbòrí. Ìparí lẹ́tà ló tó wá sọ pé òun mọ iṣẹ́ ère gbígbẹ́ àti àwòrán yíyà náà. Kò sọ pé òun ń wá ibi tí òun á ti máa ga sí i. Ohun tí ọ̀gá náà nílò ló sọ, ó sì rí iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀.

ÌDÍ TÁWỌN TÒKÈ ÒKUN FI YỌ Ọ́

Ohun tí àbúrò obìnrin yẹn sọ láti Amẹ́ríkà, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn nípa iṣẹ́ níbẹ̀ àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n yọ ọbujẹ́tíìfù kúrò, kí wọ́n fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin rọ́pò ẹ̀, tí yóò sọ iṣẹ́ téèyàn ti ṣe àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àlàyé wọn ò le. Lọ́dọ̀ tiwọn, àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an lèèyàn máa fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Kò tún sídìí tó fi yẹ kéèyàn máa sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà lòun ń wá, wọ́n ti mọ̀.

Ìdí kejì ni pé ẹni tó ń ka ìwé náà ò ráyè. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, TheLadders, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2012. Wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré làwọn tó ń gbani síṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ wo CV kan kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀ tàbí kí wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2018, ó kàn lé díẹ̀ ní méje. Ẹni tó bá wá fi gbogbo àsìkò kékeré yẹn ka gẹ̀ẹ́sì tí kò sọ nǹkan kan, ibo ló ti fẹ́ ráyè débi tí iṣẹ́ téèyàn mọ̀ wà?

TIWA YÀTỌ̀ O

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ifọ̀, ọ̀pọ̀ CV ni kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọwọ́ ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ ń dé. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹni ló ń dé, ọwọ́ màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ bàbá kan tá a jọ ń kírun Jímọ̀, ọwọ́ dírẹ́bà tó ń gbé ọ̀gá. Onítọ̀hún á ní, "Mú un wá, màá bá ọ wò ó." Á jù ú sínú mọ́tò, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ níwájú ẹ̀ pé, "A ń wá ẹni tó máa tọ́jú stọ́ọ̀," ọjọ́ náà ló máa tú àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wò. Kò mọ ẹni tó ni wọ́n dáadáa, kò sì ní jókòó ka ojú ìwé mẹ́ta. Òkè ló máa wò.

Bó bá débẹ̀ tó bá gẹ̀ẹ́sì aláfẹ́fẹ́, ó tán. Bí kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí nìkan, ó tán náà. Ṣùgbọ́n bó bá rí "Iṣẹ́ stọ́ọ̀ ni mò ń wá" níbẹ̀ gbàgàdà, ọwọ́ ẹ̀ á dúró.

Ìdáhùn tí bàbá fún ọkùnrin oníkáàdì fóònù nìyẹn. Ó ní: "Òótọ́ lo sọ, èèyàn ló ń fúnni níṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn náà gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tó máa bá ọ wá. Ẹni tó ránni lọ́jà tí kò sọ ohun tó fẹ́ rà, ṣé kò yẹ kí wọ́n dá owó ẹ̀ padà fún un?"

ÀWỌN WO LÓ YẸ KÓ KỌ Ọ́?

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí kò tíì ní iṣẹ́ kankan tó lè fi yangàn. Ìlà náà ló máa sọ ọ̀nà tó dojú kọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹni tó fẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2012, nígbà tí iléeṣẹ́ Dangote kéde pé àwọn ń wá àwọn tó kàwé jáde kí wọ́n wá máa wa tírélà. Ó lé ní 13,000 èèyàn tó fìwé ránṣẹ́. Nínú wọn, 6 ló ní oyè ọ̀mọ̀wé, 704 ló ní oyè mástà. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, bí CV ọ̀mọ̀wé bá dé iwájú ẹni tó ń wá awakọ̀, kí ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? Ó lè rò pé ọkùnrin yìí ṣìnà ni, tàbí pé kò ní lo oṣù méjì kó tó sá lọ. Bí ọ̀mọ̀wé náà ò bá fi gbólóhùn méjì sọ ìdí tó fi fẹ́ wakọ̀, ìwé gìrìwò tó kà gan-an ló máa lé iṣẹ́ náà sá fún un. Bí ọ̀rọ̀ tíṣà tó ń wáṣẹ́ stọ́ọ̀ ṣe rí náà nìyẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń fi CV ẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ èèyàn, gẹ́gẹ́ bá a ṣe ṣàlàyé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ẹni tí iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ sọ fún pé kó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́, ẹ má bá wọn jiyàn.

ÀWỌN WO LÓ YẸ KÓ YỌ Ọ́?

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé irú iṣẹ́ náà ló tún ń wá, kó yọ ọ́. Bí ẹni tó ti wẹ́ẹ̀dì irin fún ọdún mẹ́wàá bá ń wáṣẹ́ wẹ́ẹ̀dà, kí ló tún fẹ́ sọ? Kó fi ìlà náà sọ pé òun ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, kó sọ irú irin tí òun mọ̀ ọ́n wẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó bá ń fìwé ránṣẹ́ sí àyè iṣẹ́ kan tó ti lórúkọ, tó sì kọ lẹ́tà mọ́ ọn, òun náà lè yọ ọ́, lẹ́tà ti sọ ọ́.

Ẹni tó bá sì jẹ́ pé tara ẹ̀ nìkan ló fẹ́ sọ níbẹ̀, kó tètè yọ ọ́ kí ìyà tó jẹ ẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Iléèwé aládàáni pọ̀ ní Mówè àti Ìbàfò bí ewé rúmọ̀, ìṣòro tó sì ń bá àwọn tó ni wọ́n ni pé tíṣà kì í dúró. Bí ọ̀gá iléèwé bá wá ka CV ẹni tó ń wáṣẹ́ tíṣà, tó rí i lókè pé ẹni náà "fẹ́ di ọ̀gá báǹkì," ṣé á gbà á? Bí tíṣà náà tilẹ̀ mọ ìṣirò ju ẹni tó kọ ìwé ìṣirò lọ, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ pé òun ò ní pẹ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

BÁWO WÁ NI KÍ WỌ́N ṢE KỌ Ọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù Ìbàfò, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ti jáde. Bàbá ní kí oníkọ̀ǹpútà pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ó wá bi ọmọbìnrin náà pé: "Níléèwé tó o ti ń kọ́ ọmọ yẹn, ta ló ń tọ́jú ìwé àti yunifọ́ọ̀mù táwọn òbí ń rà?"

"Èmi ni, sà. Èmi náà ni mò ń tọ́jú ṣọ́ọ̀kì àti bírò."

"Ṣé o máa ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ní ìwé tí mò ń kọ ọ́ sí, sà. Tí wọ́n bá kà á níparí táàmù, kì í dín."

"Kí ló dé tó ò fi kọ ìyẹn sínú CV ẹ?"

Ọmọbìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Mo rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, sà."

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ń wá, òun rèé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá a fún, ó ti ń ṣe é lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́gẹ̀ẹ́sì ló ti gba àyè ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún un kọ, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Iṣẹ́ olùtọ́jú stọ́ọ̀ ni mò ń wá. Mo ka ìṣírò owó, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé, yunifọ́ọ̀mù àti ohun èlò níléèwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mò ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, kò sì dín rí." Gbólóhùn méjì péré ni. Kò sí 'dynamic' nínú ẹ̀.

Òfin tí bàbá fi lé wọn lọ́wọ́ ò ju mẹ́ta lọ. Kí ìlà náà dárúkọ iṣẹ́. Kó sọ ohun kan téèyàn ti ṣe tó jọ iṣẹ́ náà. Kó má gùn ju gbólóhùn méjì lọ. Bí iṣẹ́ bá yí padà, kí ìlà náà yí padà. Ó ní bí èèyàn bá gbé orúkọ ara ẹ̀ kúrò lókè ìwé, tó fi orúkọ aládùúgbò ẹ̀ síbẹ̀, tí ọbujẹ́tíìfù náà sì bá aládùúgbò mu síbẹ̀, kó lọ yọ ọ́ dànù, torí kì í ṣe tiẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ará ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ ní Èkó, tí wọ́n bá ti rí 'Mówè' nínú àdírẹ́sì ẹ̀, àwọn ọ̀gá kan ti ń fojú inú wo gó-síló. Wọn ò jẹ̀bi púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ọ̀nà náà lọ́dún 2013, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti jẹ ìyà ní Kárà àti Long Bridge, ká má tíì sọ ti ọjọ́ Fúráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tí èrò ń wọ́ lọ sí Redemption City. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti aago méje àárọ̀, tẹ́ ẹ sì ní ibi tẹ́ ẹ lè máa sùn sí nítòsí ibẹ̀, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín. Ìyẹn wúlò fún ọ̀gá ju ká sọ fún un pé a fẹ́ máa ga sí i.

KÌ Í ṢE OÒGÙN O

A ò ní tan yín jẹ pé ìlà kan tó dáa ló máa fún gbogbo èèyàn níṣẹ́. Ta ló lè gbàgbé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 2014? Àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de lórílẹ̀-èdè yìí ní àyè iṣẹ́ 4,556, àwọn tó sanwó ₦1,000 láti wá a lé ní 500,000. Ṣe ni wọ́n kó wọn jọ sáwọn pápá ìṣeré, èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì kú l'Ábújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Ìwé ni wọ́n mú dání tí wọ́n fi kú. Níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tó báyẹn, kò sí ọbujẹ́tíìfù tó lè tún un ṣe, ìjọba ló lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lágbára lórí ìjọba ṣì lágbára lórí bébà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó máa fi owó ọkọ̀ gbé ìwé dé Ṣágámù, kó ríi pé ìwé náà lè sọ̀rọ̀ nígbà tí òun ò bá sí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tẹ CV ọmọbìnrin náà jáde, ẹ̀dà mẹ́ta ló ní kí wọ́n ṣe. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó fi orúnkún kanlẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Bàbá ní kó dúró ná.

"Fún mi ní ẹyọ kan níbẹ̀," bàbá ní. "Ìgbà tó o kọ́kọ́ wọlé, mi ò bá má mọ ibi tí mo máa gbé e lọ. Ní báyìí, mo ti rántí ẹnì kan."

Oníkọ̀ǹpútà náà gbọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn yí padà sí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Nígbà tí oníbàárà tó kàn jókòó, tí òun náà ní CV lòun fẹ́ tẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé: "Bọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ ń wá gan-an?"

Títí di àsìkò tá à ń kó ìròyìn yìí jọ, wọn ò tíì gba ọmọbìnrin náà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é pé kó wá dáhùn ìbéèrè, ẹ̀ẹ̀kan sì kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í níbi méjèèjì ni pé kó sọ fún àwọn bó ṣe ń kọ ìwé stọ́ọ̀ iléèwé ẹ̀.